Ìlà Tí Kò Ní Ìwé Níwájú

Ọdún tí wọ́n dá ẹ̀kọ́ ìtàn padà sí kíláàsì àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ni mo ń kọ ọ́ fún. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo wà nílé mi ní Agric, ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí Sátidé ọjọ́ náà, ara mi á tún yá gágá, á ṣe mí bíi kí n dìde kí n tún lọ tò sórí ìlà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí Alhaja kan dá sílẹ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. A fẹ́ yan ìwé ìtàn àgbáyé fún àwọn ọmọ JSS. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò ló ń jogún ìwé ẹ̀gbọ́n. Ìwé tí a bá yàn, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, ohun tó bá sì sọ nípa wa ni wọn yóò gbà gbọ́.

Ìwé méjì ló kù nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ní àwòrán tó ń dán, èdè rẹ̀ sì rọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú, alága ìgbìmọ̀ ìwé, fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ìkejì nípọn, kò láwòrán púpọ̀, gbólóhùn ibẹ̀ sì gùn débi pé ọmọ á ti gbàgbé orí rẹ̀ kó tó dé ìdí.

Èmi àti Àbíkẹ́, tó ń kọ́ni ní ẹ̀ka Ẹ̀pẹ́, gbé méjèèjì lọ sí kíláàsì rẹ̀. Bí a ṣe máa ń dán ìwé wò nìyí: ọmọ kan á ka ojú ewé kan sókè, á pa ìwé dé, á sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yé wọn, ìwé yege. Modúpẹ́ la pè, ọmọ àwọn Ìlàjẹ apẹja tó ń ti ìletò etí ọ̀sà wá. Ó ka ìwé àkọ́kọ́, ó pa á dé, ó gbẹ́nu lé e.

"Òyìnbó kan ló rìn jìnnà, ó wá rí odò ńlá kan. Kò sẹ́ni tó mọ odò yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n bá fi í joyè nílùú wọn."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Modúpẹ́ ò jókòó.

"Mà, ta ló tukọ̀ fún un?"

Mo gba ìwé náà, mo wá atukọ̀, n kò rí i. Àwọn ará odò náà ò yọjú àfi níwájú, nígbà tí wọ́n ti wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nínú ìwé kejì ẹ̀wẹ̀, atukọ̀ wà ńbẹ̀, ọjà wọn wà ńbẹ̀, ọba wọn wà ńbẹ̀, títí kan ọba tó ta ará ìlú kejì lẹ́rú. Ìwé náà ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n Modúpẹ́ kà á, ó làágùn, ó sì pa á dé.

"Mo ti gbàgbé, mà."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Inú bí mi! Ìwé tó mọ àwọn èèyàn ọmọ náà ni kò mọ bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Sátidé tí mo wí la pé sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòròdú láti dìbò. Láńrewájú dìde.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. A ò fẹ́ ìbò inú bébà. Kí kálukú tò sẹ́yìn ìwé tó fẹ́."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Alhaja fúnra rẹ̀ jókòó sábẹ́ kánópì, gbogbo wa sì mọ̀ pé Láńrewájú ló ń gbà á nímọ̀ràn lórí ẹni tí yóò dúró níṣẹ́ àti ẹni tí yóò lọ. Kíá, ìlà àkọ́kọ́ ti gùn. Ìkejì ò ju àwọn olóríkunkun ẹgbẹ́ wa lọ. Èmi dúró láàárín, torí n kò lè gbàgbé ìbéèrè ọmọ yẹn, n kò sì lè gbàgbé omijé rẹ̀.

Àbíkẹ́ bá kọjá lára ìlà méjèèjì, ó lọ dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, òun nìkan.

"Míìsì Àbíkẹ́, ìlà wo lẹ wà yẹn?" Láńrewájú béèrè.

"Ti ìwé tí wọn ò tíì kọ, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú Láńrewájú le. "Ẹ jọ̀ọ́, a ò wá ṣeré. Kò sí ìwé ńbẹ̀, kò sí ìlà ńbẹ̀!"

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, sà. Tiyín dùn ún kà, ó yọ àwọn èèyàn wa sílẹ̀. Ìkejì rántí wọn, ọmọ ò lè kà á. Ṣé àwọn tó kọ ọ́ ti kú ni? Kí wọ́n tún un kọ kó rọrùn, a ó rà á."

Yéè! Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó mọ̀. Mo tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará ìlà kejì tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, yọ kúrò lẹ́yìn Láńrewájú gan-an.

"Òòrùn ibí yìí ti pọ̀ jù," ló wí, ó ń nu orí.

Ẹ̀rín pa wá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n ń rọ́ wá, títí ìlà wa fi ká ògiri. Mo ń fò sókè bí ọmọdé!

"Òfo ni gbogbo ìyẹn!" Láńrewájú pariwo.

Alhaja bọ́ awò ojú rẹ̀. "Láńre, ìlà tó gùn jù lọ lo ń pè ní òfo? Ẹ lọ bá mi pe àwọn tó kọ ìwé kejì yẹn."

Orin la kọ dé Gáráàjì, ibùdókọ̀ Ìkòròdú. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ márúwá ń bi wá pé ta ló wọlé ìbò. "Ìwé!" la fi dá wọn lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lé òṣùwọ̀n. Àwọn òǹkọ̀wé wá jókòó sí kíláàsì Ẹ̀pẹ́ lóòótọ́, ojú ewé tí ọmọ ò bá sì lè sọ, wọ́n ń tún un kọ ni. Ìwé náà ni àwọn ọmọ ń kà dòní, ó ń dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n ọdún náà ò tíì parí tí wọ́n fi ní kí Àbíkẹ́ máa lọ, wọ́n ní olùkọ́ ti pọ̀ jù. A fapá jánú, a daṣẹ́ sílẹ̀, a ò rí i gbà padà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ nínú ilé rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, ìwé yẹn ló sì fi ń kọ́ wọn.

Ohun kan ṣì kù nílẹ̀. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú ló wà ńbẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ṣe é tí ìwé yìí fi dé ọwọ́ ọmọ. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń fi í kọ́ni, kó béèrè bí Modúpẹ́ ṣe béèrè: ta ló tukọ̀ fún un?

Kó mú bírò, kó kọ ọ́ síbẹ̀: Àbíkẹ́ ni.