Ìkokorè Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kò Jẹ

Odidi oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń jẹ oúnjẹ kan tí ọ̀rẹ́ mi ti ń wá kiri láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò sì sọ fún un. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń jẹ ẹ́, bí mo bá sì ti gbé e mì, màá rántí ojú rẹ̀, inú mi á sì dùn.

Iṣẹ́ fíríìjì àti fíríìsà ni mò ń ṣe ní Kétu. Kò sí ilé ọtí tí fíríìsà rẹ̀ kì í dákú, bó bá sì ti dákú, èmi ni wọ́n ń pè, nítorí ta ló fẹ́ mu bíà gbígbóná? Báyìí ni mo ṣe mọ àwọn ilé ọtí tí ẹlòmíràn ń rìn kọjá tí kò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi fúnra mi kì í mutí, mọ́ọ̀tì ni mò ń mu. Oúnjẹ ló ń mú mi padà síbẹ̀. Ọ̀kan wà ní Ìkòsí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, tí àga oníke rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti kán lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí baba tó ni ibẹ̀ bá yan ẹran ewúrẹ́, tó fi ata rodo àti àlùbọ́sà pò ó, o ò ní rántí pé o nílé. Òmíràn wà lọ́nà Gbàgádà, inú gáréèjì ẹnìkan ni, ìgbín wọn tóbi tó ìkúùkù mi. Ẹni tó bá ń gbé ìtòsí ọjà ata Mile 12, tó tún ń fi ata àná se pẹpẹsúùpù, ọ̀lẹ ni, n kì í padà sọ́dọ̀ irú wọn. Àmì kan ṣoṣo ni mo fi ń mọ ibi tí oúnjẹ ti dùn: bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbójú sókè nínú àwo rẹ̀, fa àga kó o jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi ń ta páìpù irin ní Òwódé Onírin. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Òfin kan ni àwa méjèèjì ní: ẹni tó bá rí ibi tuntun kò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú èkejì lọ. Ibikíbi tí a bá wọ̀, kó tó jókòó pàápàá, ìbéèrè kan náà ló máa kọ́kọ́ bi ẹni tó ń se oúnjẹ. "Mummy, ẹ ò ń se ìkokorè?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ta ló ń ta ìkokorè nílé ọtí? Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì béèrè ẹja. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò tíì rí ẹni tó sè é bíi tirẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé mo rí obìnrin kan tí mo fẹ́ fẹ́. Tíṣà ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kì í fi ọtí kan ẹnu rárá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn máa ṣe ìwádìí, nítorí a kì í déédéé fi ọmọ fún ẹni tí a kò mọ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni wọ́n rán. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú ẹnu ara mi, ni mo júwe ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi fún un. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ mí jù ú lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin náà pè mí wá sí iwájú ilé wọn. Kò jẹ́ kí n wọlé.

"Wọ́n ní àwọn ò lè fún ọ̀mùtí lọ́mọ."

"Ọ̀mùtí kẹ̀? Ìwọ náà mọ̀ pé mi kì í mutí."

"Mo mọ̀. Mo sọ fún wọn títí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹ ló jẹ́rìí sí i."

Mo gba Òwódé Onírin lọ. Ẹ̀rín ni ọ̀rẹ́ mi fi pàdé mi. Ó tilẹ̀ ń fi ohùn yangàn sọ ohun tó sọ fún àbúrò bàbá ọmọbìnrin náà: "Mo ní, 'Daddy, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti Kétu títí dé Mile 12, kò sí ilé ọtí tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Tó bá ti wọlé, wọ́n á dìde fún un ni.'" Ìgbà tó rí ojú mi ni ẹ̀rín náà tó gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Guy, àwàdà ni mo ṣe o. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ńlá ni ẹ́ ni. Jẹ́ kí n lọ bá wọn, kí n ṣàlàyé."

Ó lọ lóòótọ́. Wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ọdún tó yípo, obìnrin náà ti wà nílé ọkọ, ọkọ náà kì í sì í ṣe èmi.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò burú, ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó gbà mí gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti tún ń pè mí pé òun rí ibi tí wọ́n ti ń ta gísáàdì adìẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó yá, wọ́n pè mí sí Ajégúnlẹ̀. Tiwa ni mò ń wí, èyí tó wà létí odò lẹ́yìn Òwódé Onírin. Ilé ọtí kan ni, pátákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ nítorí omi. Màmá àgbà kan ló ni ín. Mo tún fíríìsà wọn ṣe, mo ń nu ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé àwo kan síwájú mi.

"Jẹ eléyìí ná. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mò ń sè é."

"Kí nìyí, Mummy?"

"Ìkokorè ni. Ṣé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ́?"

"Rárá o, Ẹ̀gbá ni mí."

"Ẹ̀gbá náà lẹ́nu. Jẹ ẹ́."

Ewùrà tí wọ́n rin ni, wọ́n sè é nínú epo pupa, ẹja gbígbẹ sì yọrí láàrin rẹ̀. Ó rọ̀, ó ta sánsán, mo pa ojú dé. Mo fa fóònù yọ. Mo ti dé orí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi kí n tó rántí ọmọbìnrin yẹn níwájú ilé wọn: wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹ ló jẹ́rìí sí i. Mo dá fóònù padà sápò, mo sì jẹ àwo náà tán. Mo pinnu pé kò ní fi ẹnu kàn án láyé.

Bí mo ṣe di oníbàárà wọn nìyẹn. Mo lè jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kí n bá ọ̀rẹ́ mi jókòó nírọ̀lẹ́ ní Ìkòsí, kó bi mí léèrè. "Gbogbo ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́ yìí, o ò tíì rí ìkokorè síbẹ̀?" Màá ní, "Mi ò tíì rí i o." Òun á mí kanlẹ̀. Ìmí kanlẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju mọ́ọ̀tì lọ.

Màmá ló kọ́kọ́ fura. "Ṣé o ò lọ́rẹ̀ẹ́ ni? Ìkokorè kì í ṣe oúnjẹ àdájẹ." Mo ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn láìku ẹyọ kan. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ohun tó ṣe ò dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Kí ló dé tó o wá ń fi oúnjẹ mi jà?"

Mo san owó àwo náà, mo sì gbé àpótí irinṣẹ́ mi.

Òjò ọdún náà pọ̀. Odò wọ Ajégúnlẹ̀, ó bo pátákó ilẹ̀ náà, ó sì ba fíríìsà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọmọ Màmá ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ní Ìjẹ̀bú Igbó. Mo lọ bá wọn kó ẹrù. Àárín ẹrù náà ni wọ́n ti gbé abọ́ kan tó ní ìdérí fún mi.

"Mo sè é nílé ẹni tó gbà mí sílé. Gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ ẹ. Mi ò ní padà wá mọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Mo gbé e. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi, mo jókòó sórí àwọn irin kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ṣí abọ́ náà, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀. Kò gbóná mọ́, ebi kò sì pa mí. Mo ṣáà jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, mo dé abọ́ náà padà, mo gbé e lọ síwájú rẹ̀.

Ó ṣí i. Òórùn epo àti ẹja gbígbẹ náà jáde. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

"Níbo?"

"Ajégúnlẹ̀. Màmá tó ń sè é ti lọ sílé lónìí. Wọn ò ní padà wá mọ́."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án."

Kò bi mí pé kí ló dé. Ó mọ̀ ọ́n. Mo dúró de ìbínú rẹ̀, mo tilẹ̀ ti to èsì mi sílẹ̀. Ó fi ìka ra etí abọ́ náà níbi tí epo ṣẹ́kù sí, ó sì lá a.

"Iyọ̀ ẹ̀ kéré. Iyọ̀ ti màámi náà máa ń kéré."

Ó fi ìdérí bo abọ́ náà jẹ́jẹ́, ó gbé e sábẹ́ àga rẹ̀. "Ṣé inú ẹ ti dùn báyìí?"

"Ó dùn," ni mo wí. Òótọ́ ni mo sọ. Inú mi dùn títí mo fi dé ojú títì.

Kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi ni mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé ọtí tuntun kan ní Ìkòsí. Oúnjẹ ibẹ̀ ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè. Kí n tó ṣí àpótí irinṣẹ́ mi, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń bi obìnrin tó dúró nídìí ìkòkò: "Mummy, ẹ ò ń se ìkokorè?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ò ń sè é.