Dísìkì tí Bàbá Oyèlékè Fà Yọ Nílé Àdúrà

Wọ́n ń fi fíìmù ìkórè hàn lọ́wọ́ nílé àdúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Bàbá Ebenezer Oyèlékè, díákónì Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́, bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gba àárín ìjọ kọjá, ó sì fa dísìkì yọ lára kọ̀ǹpútà. Ògiri tí gbogbo ìjọ ń wò ṣókùnkùn. "Ẹ kú ìsìn o," ló wí. "Dísìkì ọsibítù wa ni." Ó wọ bàtà ẹ̀, ó wọkọ̀ padà sílé.

Títí dòní ni wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ta ló bi Jayéọlá, akọ̀wé ọsibítù náà l'Ọ́yọ̀ọ́, tó yá ìjọ ẹ̀ ní dísìkì náà láti fi fíìmù sí, léèrè ohun tí ẹ̀dà fáìlì àwọn aláìsàn ń wá níbi ìkórè? Kò sẹ́ni tó bi í. Bàbá arúgbó ni wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé.

Ọsibítù aládàáni ni, ó ní ẹ̀ka ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú fáìlì, tó sì yẹ kó máa da ẹ̀dà sórí dísìkì lójoojúmọ́. Iṣẹ́ Bàbá ni láti mọ ibi tí ẹ̀dà wà, bẹ́ẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Tẹ́ ẹ bá ní, "A ti ṣe é, sà," á ní, "Èmi ò bi yín. Sáfà ni mo bi." Ló bá kọ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀: láràárọ̀, á bi sáfà méjèèjì léèrè orúkọ dísìkì tí wọ́n ń lò, á sì tẹ èsì sórí pépà.

Àṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni dísìkì Ọ̀yọ́ ti wà nílé àdúrà, tí pépà ṣì ń kọ orúkọ ẹ̀. Sáfà ò parọ́. Orúkọ ni wọ́n bi í, orúkọ tí wọ́n ti kọ sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dá. Ìgbà tí Bàbá lọ fojú ara ẹ̀ wo sáfà Ọ̀yọ́ ló tó mọ̀. Nígbà tó gba dísìkì dé, ó wọ ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn, ó bá ara ẹ̀ wí débi pé Olúyẹ́misí, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá kanlẹ̀kùn láti là wọ́n.

"Ta lẹ ń bá jà, sà?"

"Ebenezer ni. Kò tíì tọrọ àforíjì."

Ó tún àṣẹ náà kọ: kó dé ara dísìkì fúnra ẹ̀, kó sọ bóyá ó wà níbẹ̀, kó sọ ọjọ́ tí ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀ dé. Ìyáàfin Fọláhànmí, ọ̀gá àgbà, ní àṣejù ni.

"Bí fáìlì bá sọnù, mà," ni Bàbá wí, "ta ló máa sọ fún dókítà pé oògùn kan ò bá ìyá kan lára mu?"

Títí Bàbá fi kú, àṣẹ náà ò dáwọ́ dúró. Ọjọ́ ìsìnkú ẹ̀ ni gbogbo wọn ń yìn ín, ìyẹn ló sì ń bí èèyàn nínú jù.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, iná mànàmáná dé tagbáratagbára, ó jó sáfà Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Olúyẹ́misí mú pépà àárọ̀ ọjọ́ náà: dísìkì wà níbẹ̀, ẹ̀dà àná wà lórí ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fáìlì gbogbo aláìsàn ti padà.

Fáìlì Bàbá fúnra ẹ̀ náà padà, torí ibẹ̀ ló ti ń gba ìtọ́jú. Olúyẹ́misí rí i pé wọn ò tíì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kú, ó bi ọ̀gá léèrè bóyá kóun kọ ọ́.

Ìyáàfin Fọláhànmí wo orúkọ náà títí.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì fi ìborùn nu ojú ẹ̀. "Kó ṣì wà pẹ̀lú wa."