Yínúsà Tó Fi Ààbọ̀ Owó Ra Odindi Búrẹ́dì

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Yínúsà ní Ìbàfò, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló sì máa ń sọ ọ́ dáadáa jù. Olúfúnṣọ́ ní tirẹ̀ wà níbẹ̀. Òun ló ni ilé búrẹ́dì Jésùlayọ̀mi, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi sọ ọ́. Òun náà sì ni Yínúsà wá bá jà.

Yínúsà ò pariwo wọlé o. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́, nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ó kí gbogbo ilé, ó mú búrẹ́dì ńlá kan, ó sì fi ààbọ̀ owó rẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, owó yín ò pé," ni Olúfúnṣọ́ wí.

"Owó pé, Màdámù. Ẹsẹ̀ mi ni ò pé."

"Kí ló kan ẹsẹ̀ nínú owó búrẹ́dì?"

"Èmi náà ò kúkú mọ̀. Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Fàrídà ń ṣe odindi iṣẹ́ níbí, ààbọ̀ owó oṣù lẹ ń san fún un, torí pé etí ẹ̀ ò gbọ́ràn. Mo rò ó, mo rò ó, mo ní áà, òfin yìí mà dáa o! Ẹ jẹ́ ká jọ máa lò ó."

Àwọn tó tò sórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Olúfúnṣọ́.

"Àánú ni mo ṣe fún ọmọ yẹn, Bàbá!"

Ó sì dá a lójú pé òótọ́ lòun ń sọ. Òun ni alága ẹgbẹ́ aláàánú ní ìjọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọ̀rọ̀ Fàrídà jẹ́rìí níwájú ìjọ, tí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè iye tó ń san.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Inú Yínúsà dùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú èmi náà. Búrẹ́dì kan péré ni mo fẹ́."

Olúfúnṣọ́ ì bá ti lé e jáde, àmọ́ ìyàwó pásítọ̀ wà lórí ìlà. Olúfúnṣọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jẹ́ kí bàbá gbé búrẹ́dì lọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yínúsà kó èrò dé. Arọ wà níbẹ̀, odi wà níbẹ̀, gbogbo wọn fi ààbọ̀ owó dání. Mùtàlíbù, afọ́jú kan tó ń hun àga ní Akute, ló ṣáájú wọn. Ó forí balẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Màdámù, ẹ dákun, ojú méjèèjì ló fọ́ ní tèmi. Ṣé kí n san ààbọ̀ ni, àbí ọ̀fẹ́ ni tèmi?"

Kí oòrùn tó kanrí, owó oṣù Fàrídà ti pé, wọ́n sì ti san èyí tí wọ́n gé sẹ́yìn. Yínúsà wá san ìyókù owó gbogbo búrẹ́dì tí wọ́n gbé, kò ku kọ́bọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú búrẹ́dì ọ̀hún.

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni Yínúsà ń ṣe. Ìkirè ló ti wá, ó sì háyà ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ní Lotto, ní Mówè, lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ìjọba ò rán an níṣẹ́, ẹgbẹ́ kankan ò sanwó fún un, síbẹ̀ ó fi dandan lé e pé aláàbọ̀ ara tó bá lè ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ríṣẹ́. Ọgbọ́n tó ń dá sí i kò sí nínú Bíbélì, kò sì sí nínú Kùránì. Bí oníléeṣẹ́ kan bá gbé jẹnẹrétọ̀ wá, Yínúsà á kọ́kọ́ béèrè pé, "Aláàbọ̀ ara mélòó ló ń bá yín ṣiṣẹ́?" Bí onítọ̀hún bá ní kò sí, jẹnẹrétọ̀ náà kò ní í tètè jí.

Bí Fàrídà ṣe dé ilé búrẹ́dì nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ Olúfúnṣọ́ wà ní Lotto, iná ò sí ní Ìbàfò, ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sì ń kan. Ojoojúmọ́ ló ń pe Yínúsà lórí fóònù.

"Kí ló ń ṣe é gan-an, Bàbá?"

"Ó ń ronú, Màdámù. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti rí ẹni tó máa bá yín gé búrẹ́dì. Ọmọbìnrin kan wà níbí, Fàrídà, kò gbọ́ràn, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì. Òun ló ń bọ́ ìyá ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀."

Lọ́jọ́ tí Olúfúnṣọ́ lọ mú Fàrídà, jẹnẹrétọ̀ náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fà á.

Akínọlá, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nílé búrẹ́dì, ò fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. "Báwo la ṣe máa pè é bí iṣẹ́ bá dé?" ló bi Yínúsà.

"Báwo lẹ ṣe ń pe àwọn tó gbọ́ràn?"

"A máa ń pariwo ni."

"Wọ́n máa ń tètè dáhùn?"

Yínúsà so gílóòbù pupa kan mọ́ òkè tábìlì Fàrídà. Bí wọ́n bá ti tan iná náà báyìí, Fàrídà ti gbéra, tí àwọn elétí ṣì ń bi ara wọn pé ta ni wọ́n ń pè.

Kó tó mú ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́, Yínúsà máa ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. "Bí wọ́n bá gbà ọ́, dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan," ló máa ń wí. "Bí o bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á rò pé ọrẹ ni. Bí o bá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á gé owó oṣù ẹ." Ó wá jọ pé àwọn ọ̀gá kan ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí wọ́n máa ń dúró de ọpẹ́ kejì.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó mú lọ ló dáa o. Ó mú Muqtadir, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì l'Ọ́fàdà. Muqtadir dé ibẹ̀, ó rí àpò ìrẹsì tó tutù, ó sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ń wò ó, kò lè lé e, ó ní ẹ̀rù Ọlọ́run ń ba òun. Nígbà tí Yínúsà gbọ́, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀pá jí Muqtadir.

"Dìde, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù fún un. Arọ mà ni."

"Arọ ni mo ní kí ẹ gbà síṣẹ́, n ò ní kí ẹ gba ọ̀lẹ. Bí ẹ bá ń lé àwọn ọ̀lẹ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ẹ lé tiwa náà. Ẹ má fi ẹ̀tọ́ wa dù wá!"

Nígbà tí òjò èṣí ń kásẹ̀ nílẹ̀, àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ mú Yínúsà lọ. Gbogbo ẹni tó ti bú rí ló wá síbi ìsìnkú, olúkúlùkù sì ń búra pé òun ni bàbá bú jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú.

Eruku ibojì ò tíì rọlẹ̀ tí Akínọlá fi wá bá Olúfúnṣọ́. Owó fúláwà ti gòkè, ó ní ó yẹ kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kan kù.

"Ẹ jẹ́ kí Fàrídà máa lọ, mà. Bàbá ti kú. Ta ló tún máa wá bá wa jà?"

Ó yẹ kí Olúfúnṣọ́ bá a wí. Kò bá a wí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, ìyẹn sì bà á lẹ́rù díẹ̀. "Jẹ́ ká ṣe fídáù bàbá tán ná," ló wí.

Ó lọ sí fídáù náà ní Lotto. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ sàárà: afọ́jú àti arọ á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa gba àkàrà, wọ́n á máa ṣàdúrà fún òkú. Olúfúnṣọ́ ti ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ dání fún wọn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò bá ẹnì kankan. Inú ilé ló ti rí wọn. Mùtàlíbù ń bu omi fún àwọn àlejò, àwọn yòókù ń pín oúnjẹ kiri.

"Ta ló náwó gbogbo èyí?" ló bi Sọ̀fíyátù, ìyàwó olóògbé.

"Àwọn náà ni, mà. Owó iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Fàrídà ló ra ẹ̀wà àti epo."

Kò pẹ́ tí Fàrídà dé iwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àkàrà gbígbóná fún un, ó sì ń wo ẹnu rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba sàárà ló ń ṣàdúrà. Ọjọ́ pẹ́ tí alága ẹgbẹ́ aláàánú ti ń fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó ṣe sàárà kàn án rí.

"Ọlọ́run á gbà á," ni Olúfúnṣọ́ wí. Ó rántí pé ọmọ náà ò gbọ́. Ó gbé àkàrà sórí itan, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Fàrídà fi ọwọ́ pa ojú ara rẹ̀ láti ṣàmín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akínọlá tún dé. "Mà, ọ̀rọ̀ Fàrídà yẹn ńkọ́?"

"Fàrídà ò lọ ibì kankan. Bí ẹnì kan bá máa lọ, àwọn tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ la máa kọ́kọ́ wò."

Akínọlá, tó pẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbé ojú sá. "Ṣé ẹnì kan ti wá bá yín jà ni, mà?"

"Rárá," ni Olúfúnṣọ́ wí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa bá mi jà mọ́."