Ọgbọ́n Tí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Dì Sínú Sídì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé aládàáni ní Ẹ̀gbẹ́dá, èmi sì ni mò ń bá a wá oníbàárà. Ẹnu ni iṣẹ́ tèmi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, bí ẹni ń bẹ̀rù ajá onílé ni mo sì ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà: máa rẹ́rìn-ín sí i, má ṣáà fọwọ́ kàn án.

Àwòrán ilé ìwé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń yà sójú kọ̀ǹpútà: àpótí fún kíláàsì, àpótí fún akẹ́kọ̀ọ́, ìlà láàárín wọn. Kọ̀ǹpútà á wo àwòrán yẹn, á fúnra rẹ̀ kọ ètò tó ń tẹ káàdì èsì jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kéèyàn bi ilé ìwé kó tó yàwòrán, orí rẹ̀ nìkan ló wà. Nígbà tó ríṣẹ́ sí Àbújá, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú sídì kan: àwọn àpótí tó ti yà sílẹ̀, ìbéèrè, ìkìlọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa dán an wò. Bí ẹ bá lè ṣe é láìsí mi, ṣọ́ọ̀bù wa ò ní kú."

"Èmi? Ṣé o fẹ́ kí n dáná sun ilé ìwé onílé ìwé ni?"

"Kọ̀ǹpútà kì í gbiná bẹ́ẹ̀ jàre."

A lọ sí ilé ìwé kan ní Baruwa. Ó jókòó sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera. Ìyá tó ni ilé ìwé náà jókòó tì mí. Mo ki sídì bọ kọ̀ǹpútà. Sídì ń bi mí, mo ń bi ìyá: Ṣé ẹ ń fi ipò sí káàdì? Ṣé ẹ ń kọ́ wọn ní Lárúbáwá? Àpótí ń to ara wọn, orí mi ń wú. Bí a ṣe ń fi orúkọ ọmọ méjì kan dán an wò ni ojú kọ̀ǹpútà di pupa fòò.

Mo fò dìde. "Mo ti bà á jẹ́!"

Mo wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Àjà ló ń wò.

"Ẹ jókòó, bàbá," ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè ló ń bi yín. Àbí iwin lẹ rí níbẹ̀?"

Mo kà á: *Bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan. Ṣé ìbejì ni?* Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni. *Èwo ni ẹ̀gbọ́n?*

Ìgbà yẹn ni mo rántí ìjà tí ìyá ìbejì kan gbé wá bá wa ní Ìdímù, torí kọ̀ǹpútà sọ Táíwò di ẹ̀gbọ́n. Ìjà yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dì sínú sídì fún mi. Mo tẹ Kẹ́hìndé. Káàdì jáde, ó mọ́ lóló.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀. "Ọkàn mi balẹ̀. Mo lè máa lọ."

"Lọ jàre, o ti ń dí wa lọ́wọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó wà ní Àbújá, èmi wà ní Ìgàndó níwájú ọ̀gá ilé ìwé mìíràn. Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, sà," ni mo wí. "Kíláàsì mélòó lẹ ní?"