Asẹ́ Tó Gbé Ohùn Màmá Ìdòwú Mì

"Màmá, ohùn yín ló ti gbó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gba máìkì."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí Ìjù, lọ́jọ́ tí a ń dán sípíkà tuntun tí mo kàn fún wọn wò. Ohùn gbogbo èèyàn ń jáde ketekete, àfi ti Màmá Ìdòwú, tó ti ń dá orin fún wọn kí n tó kọ́ṣẹ́ rárá. Tí orin bá ti gòkè díẹ̀, ohùn wọn á ṣàdédé rá. Màmá gbé máìkì kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ojú ò tiẹ̀ tì mí nígbà yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ń gbèjà.

Àwa tí à ń kan sípíkà ní Ṣàngó-Ọ̀tà máa ń fi asẹ́ kan sínú rẹ̀, kírọ́sófà là ń pè é. Òun ló ń pín ohùn: èyí tó wúwo á lọ sí sípíkà ńlá, èyí tó mú á lọ sí kékeré. Ẹ̀yà iná méjì, kọ́ìlì kan àti kapásítọ̀ kan, ni mo máa ń lò fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ ṣe fáàrí, mo fi méjì-méjì sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìdòwú, ọmọ Màmá, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀dá, kí lẹ sọ fún màmá mi? Wọn ò kọrin mọ́. Kódà tí wọ́n bá ń fọṣọ, wọ́n á kàn dákẹ́ ni." Ó tẹ orin kan tí Màmá kọ sórí fóònù rẹ̀. "Ṣé ohùn tó gbó nìyí?"

Mo fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù tèmi, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo fi dán sípíkà náà wò. Sípíkà ńlá nìkan: ohùn Màmá kún ilé. Kékeré nìkan: ó dún. Mo ṣí méjèèjì pa pọ̀, ohùn rá. Asẹ́ méjì-méjì yẹn ti fa ohùn kan sẹ́yìn, ó ti èkejì síwájú, débi pé níbi tí wọ́n ti pàdé, bí sípíkà ńlá bá ń ti afẹ́fẹ́, kékeré á máa fà á. Wọ́n ń pa ara wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn Màmá wà. Mo yí waya sípíkà kékeré padà, ohùn Màmá sì jáde ketekete.

Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá nílé, mo ní kí wọ́n padà wá kọrin.

Wọ́n bi mí pé, "Níwájú ta lo ti sọ pé ohùn mi gbó?"

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo dúró níwájú ìjọ, mo ní iṣẹ́ mi ló ní àléébù, kì í ṣe ohùn Màmá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò mí, mi ò lè gbójú sókè.

Màmá gba máìkì, wọ́n dá orin, ohùn wọn sì gba gbogbo ilé kan. Láàárín orin, wọ́n ṣàdédé dúró, wọ́n yíjú wo sípíkà náà bí ẹni tó rí ẹlẹ́bi gan-an, wọ́n sì tún ń kọrin lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti gbà mí gbọ́.