Mo Ní Ìyá Ọmọ Alágogo Lọ Sówò

Ó ti rẹ̀ mí kí káàtúùnù náà tó parí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, nítorí àárẹ̀ ló bí irọ́ náà, kì í ṣe ìkà.

Káàtúùnù àwọn ará Jàpáánì ni, irú èyí tí àwa tí a máa ń wò ó ń pè ní ánímè. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Mo jáde ìwé, mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, mo lọ sílé ọkọ, kò tíì parí. Ọmọkùnrin kan ló wà nínú ẹ̀ tó so agogo kékeré mọ́ ọrùn, tó ń rìn láti òkè dé òkè, tó ń wá ọba burúkú tó jí òjò ìlú wọn gbé. Apá tó wà nínú ẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ parí ẹ̀. Gbogbo àwa tí a wà nínú gúrúùpù orí fóònù, tí a ò mọ ojú ara wa rí, bá pinnu pé ká tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ká lè jọ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo gbé fóònù lọ bá ọkùnrin tó ń dáńlóòdù fíìmù ní Adigbe, ládùúgbò wa, ó kó gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mórì fún mi. Bí mo ṣe ń múra àtibẹ̀rẹ̀ ni ọmọ dé.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ijemo lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú òrí nínú ike àti kànrìnkàn tuntun. Wọ́n ní ogójì ọjọ́ làwọn máa lò. Ewékorò ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta sìmẹ́ńtì, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, nítorí náà obìnrin mẹ́ta la wà nínú ilé: Màmá, èmi, àti ìkókó. Láàárọ̀, Màmá á wẹ ọmọ, wọ́n á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n á jù ú sókè, wọ́n á wá fi omi gbígbóná tẹ èmi náà níkùn títí màá fi pariwo. Bí wọ́n bá kírun Àsárì tán, tí ọmọ wà lẹ́nu ọmú, màá gbé fóònù ti agolo mílíìkì, màá máa wo tèmi.

"Ìyàwó, kí làwọn olójú ńláńlá wọ̀nyí ń sọ?"

"Èdè Jàpáánì ni, Màmá. Òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni mò ń kà."

"Kà á síta kí èmi náà gbọ́. Ṣé ìwọ nìkan lo lójú ni?"

Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Apá kìíní ti kọjá kí wọ́n tó jókòó tì mí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo bímọ, ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú àwòrán ìyá ẹ̀, ó ń sunkún.

"Ìyá ọmọ yìí dà?" Màmá bi mí.

Ìyá náà ti kú. Òǹgbẹ ló pa á ní apá kìíní, òun ló ni agogo ọrùn ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ tí mo ti bí, ibi tí wọ́n rán fún mi nísàlẹ̀ ń ta mí, ọmú mi gbóná bí ìkòkò. Mo wo ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tó wà láyà mi. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ pé ìyá kú nínú ilé ìkókó.

"Ó lọ sówò, Màmá. Ìlú òkèèrè ni."

"Áà. Á padà wá. Agogo yẹn ló máa fi dá ọmọ ẹ̀ mọ̀."

Lọ́jọ́ kẹjọ, a sọmọ lórúkọ. Àwọn ẹbí pé. Ìbátan Màmá kan, ìyá arúgbó tó ń jẹ obì, wá dá a lábàá pé ká sọ ọmọ ní orúkọ tí à ń sọ ọmọbìnrin tí ìyá àgbà bá ti kú kí wọ́n tó bí i, pé ó dájú pé ìyá Màmá ló padà wá. Màmá gbé ife omi ọwọ́ wọn kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ìyá mi kú? Ta nínú yín ló sin ín?"

Àáfà wo inú ìwé ẹ̀. Orúkọ mìíràn la sọ ọmọ.

Ọkọ mi ló ṣàlàyé fún mi nígbà tí àlejò tán nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màmá nígbà tí ìyá wọn kó àdìrẹ lọ tà ní Gánà, tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Nígbà tó wá di pé wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, ojoojúmọ́ ni Màmá ń lọ dúró ní gáréèjì, tí wọ́n ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì. Àwọn àgbà ilé á ní, "Ó ń bọ̀, lọ́rì tiẹ̀ ló wà lẹ́yìn."

Ó yẹ kí n tún irọ́ mi ṣe lọ́jọ́ náà. Mo rò ó. Mo tún rò ó pé ọ̀nà ṣì jìn, pé ogójì ọjọ́ á pé, Màmá á lọ, wọ́n á gbàgbé. Mo sùn.

Ogójì ọjọ́ pé. Màmá ò lọ. "Ta ló máa bá ọ gbé ọmọ tí o bá jókòó sídìí máṣíìnì? Àti pé a ò tíì rí ìyá ọmọ alágogo."

Irọ́ mi wá ń tóbi bí ọmọ ṣe ń tóbi. Bí ọmọkùnrin náà bá lálàá ìyá ẹ̀, màá ní létà ni ìyá ẹ̀ kọ sí i.

"Kí ló wà nínú létà?"

"Ó ní kó máa jẹun dáadáa, Màmá. Ó ní kó má sùn síbi tí òtútù wà."

"Ìyá gidi nìyẹn."

Ìdí kejì tó fi rẹ̀ mí ni káàtúùnù náà fúnra ẹ̀. Ohun tó bá ti pẹ́ jù, á máa fa ara ẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á fi odindi apá mẹ́ta rán wa létí ohun tí a ti rí. Màmá ò gbà á fún wọn rárá. "A ti rí èyí ná! Ọjọ́ tó ṣubú sódò nìyí. Ṣé wọ́n rò pé arìndìn ni wá?" Bí wọ́n bá ń jà, tí wọ́n bá dúró sọ̀rọ̀ láàárín ìjà, Màmá á ní, "Gbá a lẹ́nu, ọ̀rọ̀ kọ́ ló gbé ẹ wá."

Nínú gúrúùpù wa, ariwo ìparí ti gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kó fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé idà. Àwọn kan fẹ́ kí ọba burúkú náà ronú pìwà dà. Ẹnì kan kọ ọ́ pé bí wọn ò bá parí ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìgbà èwe òun ṣòfò nìyẹn. Mo ń ka gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ léjìká. Kò sí ẹnì kankan tó ń retí ìyá ọmọ náà, torí gbogbo wọn mọ̀ pé ó ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń retí ẹ̀ ní gbogbo ayé, inú yàrá mi ló jókòó sí, ó ń fi òrí pa ọmọ mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ tí apá tó gbẹ̀yìn jáde, Màmá tètè kírun. Wọ́n wé gèlè. Wọ́n bu ẹ̀pà sínú àwo. Ọmọ ti ń rá nígbà yẹn, ó ń fa etí ẹní.

Ìjà tí a ti ń retí láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé, ó tán kí Màmá tó jẹ ẹ̀pà márùn-ún. Ọmọkùnrin náà gbá ọba lẹ́ẹ̀kan, ọba ṣubú, òjò ń rọ̀.

"Ó tán?" Màmá wò mí. "Ṣé wọ́n ń lé wọn ni? Kò burú. Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà gun òkè ìlú wọn nínú òjò. Òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ó tú agogo ọrùn ẹ̀, ó so ó mọ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó jókòó. Òjò ń lu agogo, agogo ń dún. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, Ìyá, òjò ti rọ̀. Mi ò kà á síta.

"Ta ni wọ́n sin síbẹ̀?"

Mo yíjú sí ọmọ, mo gba etí ẹní lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìyàwó, mo ní ta ni wọ́n sin síbẹ̀?"

"Ìyá ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgbà wo ló kú?"

"Láti apá kìíní."

"Létà ńkọ́?"

"Kò sí létà, Màmá."

Wọ́n dìde, wọ́n tẹ́ ẹní ìrun, bẹ́ẹ̀ Mọ̀gàríbà kò tíì tó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wẹ ọmọ bí wọ́n ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n gbé e fún mi. "Ọmọ ti ń rá. Ó tó kí n máa lọ."

Mo pè wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin, wọn ò gbé e. Ọkọ mi dé láti Ewékorò pẹ̀lú eruku lórí.

"Kí lo ṣe fún ìyá mi?"

"Mo parọ́ ánímè fún wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo pọn ọmọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ijemo. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Màmá. Ẹ forí jì mí. Ìkókó ló wà nílé, ẹnu mi ò gbà á. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Gánà, ẹ̀rù bà mí."

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ẹnu tiwọn náà ò gbà á. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, gbogbo wọn. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé àwọn ò mọ̀, ǹ bá ti tètè kúrò ní gáréèjì. Lọ́rì tiẹ̀ ló wà lẹ́yìn, lọ́rì tiẹ̀ ló wà lẹ́yìn. Ìwọ wá mọ̀. O mọ̀, o wò mí lójú, o tún ń kọ létà."

Ọmọ ń ta lẹ́yìn mi, mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó rá lọ síbi àwo ẹ̀wà.

"Fóònù ẹ wà lọ́wọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ ni kí o ṣe kà á. Ibi tó bá ti kú, kú ni kí o wí."

"Màmá, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún o."

"Ibo lò ń sáré lọ?"

Mo gbé fóònù ti àwo ẹ̀wà. Ojú mi ń ta mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo sì kà á: ọ̀dá mú ìlú, omi tó kù sílé kò ju ife kan lọ, ìyá fún ọmọ ẹ̀ mu, ó bọ́ agogo ọrùn ara ẹ̀ sọ́rùn ọmọ.

"Ó kú, Màmá."

"Mo gbọ́."

Ọmọ mi ti di wọ́n mú lórúnkún, ó ń gbìyànjú láti dìde. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ tí a sọ ọ́ nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n gbé e sórí itan báyìí, wọ́n nu ẹnu ẹ̀, wọ́n wo ojú ẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ ká wò ó."

Mi ò gbójú sókè. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì mí díẹ̀.

"Apá kejì, ìyàwó."