Àbẹ́là Tíṣà

Òórùn ìṣáná ló máa ń gbé mi padà sí pálọ̀ Tíṣà ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá. Òyìnbó arúgbó ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ bíi màámi bí wọ́n ṣe máa gba páásípọ̀ọ̀tù wọn lọ́wọ́ ọ̀gá. Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, ó tan àbẹ́là méjì, ó fọwọ́ bojú. Mo rò pé ó ń sunkún ni. Iná ṣáà wà.

Ọlọ́pàá gbá ilẹ̀kùn. Màámi fẹ́ pa àbẹ́là, Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ni màámi bá pa gílóòbù, ó ṣílẹ̀kùn.

"Gílóòbù wa ti jó, ọ̀gá. Khalas, ó ti tán."

Ọlọ́pàá wo àbẹ́là, ó wo hìjáàbù màámi, ó lọ.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé Júù ni Tíṣà, wọn kì í pa àbẹ́là tí wọ́n bá tàn fún Sábáàtì. Màámi ti mọ̀. Kò tan gílóòbù padà. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là náà ló fi kírun.